Pọ́ńpù oníbátìrì fún táyà ọ̀kadà: ohun tí mo máa ń wò kí n tó sanwó

Oògùn adìẹ ni mò ń tà. Mo tún máa ń bá àwọn olóko gún adìẹ wọn lábẹ́rẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Alábẹ́rẹ́ láti Ológùnẹ́rú títí dé Èrúwà. Ọ̀kadà Boxer ni mò ń gùn. Mo de kúlà kékeré kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, yìnyín ló wà nínú kúlà, àárín yìnyín yẹn ni mo máa ń to Lasota àti Gumboro, oògùn àjẹsára adìẹ, sí. Àárín 2 sí 8 °C ni oògùn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Tí wọ́n bá ti gbóná kọjá bẹ́ẹ̀, omi lásán ni olóko ń fún adìẹ rẹ̀ mu, èmi ni yóò sì wá bá nígbà tí adìẹ bá ń kú.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹta, mo ti fi Ìdó sílẹ̀ sẹ́yìn dáadáa, mò ń lọ sí Èrúwà, ni ìdí ọ̀kadà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó bí ẹni tó mu ẹmu yó. Mo sọ̀kalẹ̀, táyà ẹ̀yìn ti lọlẹ̀. Mo yí i títí, n kò rí ìṣó, n kò rí ìgò. Kò sí fọ́kanáísà, kò sí ilé, igbó ni lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ ni lósì. Mo ti ọ̀kadà yẹn fún ohun tó súnmọ́ wákàtí kan nínú oòrùn. Nígbà tí mo fi máa rí ọmọkùnrin kan tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sábẹ́ igi, yìnyín mi ti di omi, omi náà ti lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ọmọ yẹn tọ́ itọ́ sí orí ìka, ó fi bo ẹnu tíúbù. Itọ́ náà wú bíi bàlúùnù kékeré, ó bẹ́. Ó ní, "Mọ̀mí, kò pọ́ńṣà o. Píìnì inú fáàfù yín ló tú." Ó fi orí ìdérí fáàfù kan tó ní eyín méjì yí píìnì náà díẹ̀, ó fún un ní afẹ́fẹ́, ó parí. Omi inú ọ̀rá tí mo rà lọ́wọ́ ọmọ kan níbẹ̀, n kò tíì mu ún tán.

Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé n ó ra pọ́ńpù tèmi. Mẹ́ta ni mo sì ti rà kí n tó rí èyí tó tọ́, ẹ jẹ́ kí owó méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ẹ̀kọ́ fún yín.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Pọ́ńpù kékeré ò lè dí ihò. Tí ìṣó bá ti ya tíúbù yín, bí ẹ pọ́ńpù ú di alẹ́, ibi tí afẹ́fẹ́ gbà wọlé ló máa gbà jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà onísípóòkù tó wà nílùú wa, tíúbù ló wà nínú wọn, tíúbù kì í sì í rọra jò tó bá ti lu dáadáa. Ẹni tó ní táyà tí kò ní tíúbù nínú lórí ráìmù tí kò ní sípóòkù ni ìṣó lè wà lára táyà rẹ̀ tí yóò sì tún gùn ún délé, tó bá ń fi afẹ́fẹ́ kún un lójú ọ̀nà. Tiwa, ohun tí pọ́ńpù wà fún ni jíjò díẹ̀díẹ̀, fáàfù tó tú, tíúbù tí wọ́n lẹ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ́ ṣí, àti táyà tó rọ̀ nítorí pé ẹ ti gbàgbé rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyẹn náà pọ̀. Nínú ìgbà mẹ́wàá tí táyà bá dà mí láàmú, mo lè sọ pé ìgbà mẹ́fà ni kò sí ihò tuntun kankan níbẹ̀.

Pọ́ńpù àkọ́kọ́ tí mo rà, ti mọ́tò ni. Ó ní wáyà gígùn, ẹnu wáyà náà sì dà bí ohun tí wọ́n ń kì bọ ihò ìtanná sìgá nínú mọ́tò. Ọ̀kadà wo ló ní ihò sìgá? Ẹni tó tà á fún mi ní kí n má dààmú, ó fún mi ní wáyà mìíràn tó ní irin ìgbámú méjì, pupa àti dúdú, pé kí n máa fi gbá bátìrì ọ̀kadà mú. Ó ṣiṣẹ́ o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta, táyà sì ń kún. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù kan tí mo tẹ sítátà tó ṣe "kẹ̀" tó dákẹ́. Fèrè ò dún, tíráfíkétọ̀ ò tàn. Mo ń fi ẹsẹ̀ ta á kó tó gbéra, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì mi níwájú àwọn ọmọ olóko.

Rẹ́wáyà tó bá mi wò ó ní kí n gbé pọ́ńpù náà wá. Ó yí i padà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀: 12V, 10A. Ó ní, "Iná iwájú yín, 35 wátì ni. Ohun tẹ́ ẹ gbé wá yìí, 120 wátì ló ń fà. Ó ju iná iwájú mẹ́ta lọ, bátìrì ọ̀kadà tí kò ju 5Ah lọ lẹ wá so ó mọ́." Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Nítorí náà, tí ẹ kò bá ní mọ́tò nílé tí ẹ ó máa fi pọ́ńpù náà sí, ẹ má ra èyí tó ń lo wáyà. Èyí tó gbé bátìrì tirẹ̀ sínú ni kí ẹ wá.

Nísinsìnyí, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí: 150 PSI. PSI ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Ẹ bá mi wo ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọ̀kadà, tàbí ìwé tó bá a wá. Lára tèmi, táyà iwájú 25, táyà ẹ̀yìn 28 tí mo bá dá gùn ún, 32 tí mo bá gbé ènìyàn tàbí ẹrù tó wúwo. Kí ni mo fẹ́ fi 150 ṣe? Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ìdíje ló nílò nǹkan tó lè ju 100 lọ. Pọ́ńpù tó bá lè dé 50 láìmí gúlegúle ti tó ọ̀kadà yówù kó jẹ́.

Iye afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan ló yẹ kí ẹ béèrè, ìyẹn lítà mélòó. Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyẹn náà dẹ́rù bà yín. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú ọmọ mi tó ń ka ẹ̀kọ́ físíìsì, a wọn táyà ẹ̀yìn mi, 3.00-17 ni. A ṣírò rẹ̀, inú rẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 6. Kó tó dé géèjì 28 láti òfo, ó máa nílò lítà afẹ́fẹ́ bíi 12. Táyà mọ́tò kékeré lè gba lítà 30 nínú, ó sì máa nílò tó 60 kó tó kún. Ẹ wá rí i pé táyà ọ̀kadà ò le rárá. Pọ́ńpù tí páálí rẹ̀ bá kọ lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀dínwó ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, torí wọ́n wọn ìyẹn nígbà tí kò sí táyà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ìdajì rẹ̀ ló ń ṣe lóòótọ́. Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀, táyà ẹ̀yìn ti kún láti òfo. Bó bá jẹ́ pé láti 20 sí 28 lẹ fẹ́ gbé e, ẹ kò tíì fẹnu ra ẹ̀kọ tán. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tà yín ní pọ́ńpù ńlá oníbejì tí wọ́n fi ń pọ́ńpù táyà jíìpù, ẹ kí i, ẹ kọjá lọ.

Bátìrì ni irọ́ pọ̀ sí jù. Ẹ̀yà bátìrì tó wà nínú ọ̀pọ̀ pọ́ńpù yìí ni wọ́n ń pè ní 18650, ó rí roboto, ó tóbi díẹ̀ ju bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ. Ẹyọ kan tó jẹ́ ojúlówó kì í ju nǹkan bíi 3500 mAh lọ (mAh ni wọ́n fi ń ka iye iná tí bátìrì lè gbé), ọ̀pọ̀ tí ẹ ó rí nínú pọ́ńpù sì jẹ́ 2000 sí 2600. Tí ẹ bá rí "20000 mAh" lára pọ́ńpù tó kéré tó ìgò oúnjẹ ọmọ, ẹ wọ̀n ọ́n wò lọ́wọ́ yín. Ẹyọ 6 ló kéré jù tó gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀ kó tó jẹ́ òótọ́, ẹyọ kan sì súnmọ́ gíráàmù 50. Bátìrì nìkan á ti tó gíráàmù 280, ká má tíì ka mọ́tò àti irin tó ń ti afẹ́fẹ́. Ohun tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ò lè gbé ìyẹn. Àrékérekè kan tún wà: wọ́n á to bátìrì 2000 méjì tẹ̀léra kí fólítì lè di 7.4, wọ́n á wá ro 2000 mọ́ 2000, wọ́n á kọ 4000. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Wh sí, ìyẹn àpapọ̀ agbára tó wà nínú bátìrì. Ìyẹn ò ṣe é fi tan ènìyàn jẹ bẹ́ẹ̀. 2000 mAh jẹ́ 2 Ah, 7.4 lọ́nà 2 sì jẹ́ 14.8 Wh. Tèmi kò ju ìyẹn lọ, ó sì ń pọ́ńpù táyà méjèèjì tó rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké fún ṣáàjì.

Mo ti dé ibi tí mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sí: géèjì.

Pọ́ńpù kejì tí mo rà rẹwà. Ó dúdú, ó ń dán, nọ́ńbà rẹ̀ ń tàn bí aago òkè ògiri. Mo fi ọ̀sẹ̀ méjì lò ó, inú mi ń dùn. Mo wá ṣàkíyèsí pé ọ̀kadà ń wúwo lọ́wọ́, bí mo bá fẹ́ yà, ó máa ń fà. Mo gbé e lọ bá bàbá fọ́kanáísà wa ní Ológùnẹ́rú. Bàbá yìí ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí mi sí àdúgbò náà. Kò kọ́kọ́ mú géèjì rárá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ẹnu tíúbù, ó ní, "Alábẹ́rẹ́, wá wo èyí." Mo bẹ̀rẹ̀. Ẹnu tíúbù tó yẹ kó nàró gangan láti inú ráìmù ti dẹ̀gbẹ́ sẹ́yìn, bí eyín tó fẹ́ yọ. Ó ní táyà tí kò bá ní afẹ́fẹ́ tó máa ń yọ̀ lórí ráìmù nígbàkúùgbà tí a bá tẹ bíréèkì, á sì máa wọ́ tíúbù tẹ̀lé ara rẹ̀, títí yóò fi já ẹnu tíúbù náà kúrò. Tó bá já, kò ní lílẹ̀. Ó tó wá fi géèjì tirẹ̀ sí i: 21. Mo gbé pọ́ńpù arẹwà mi jáde, mo fi sí i: 28.

Mo kọ́kọ́ rò pé géèjì bàbá ló ti gbó. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ bá fọ́kanáísà méjì mìíràn lójú títì yẹn. Mo lọ. 21, 22. Arẹwà ló ń purọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí bàbá kọ́ mi lọ́jọ́ náà, torí n kò rí ẹni tó ń sọ ọ́. Géèjì tó bá ń fi 3 lé e nígbà gbogbo, ẹ lè bá a gbé. Ẹ̀yin á kàn mọ̀ pé tó bá pe 31, 28 ni. Òpùrọ́ tí irọ́ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà kò burú. Èyí tó bá fi 3 lé e lónìí, tó fi 7 lé e lọ́la, ìyẹn ni kí ẹ jù nù. Nítorí náà, ẹ má fi ẹ̀ẹ̀kan dán an wò. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ sí táyà, ẹ kà á, ẹ yọ ọ́, ẹ tún fi sí i, ẹ tún kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá yàtọ̀ síra ju 1 lọ, ẹ má rà á. Èmi a máa gbé géèjì olójú aago kan tí kò lo bátìrì dání tí mo bá ń lọ sọ́jà. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti pọ́ńpù, òun ni ẹlẹ́rìí mi.

Ẹ tún rántí pé nígbà tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, nọ́ńbà ojú rẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe rí nínú táyà lọ díẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tó ń ti ara wọn nínú róbà rẹ̀ ló ń kà. Ìgbà tó bá dúró, tí ẹ ka 1 dé 5, ni nọ́ńbà yẹn máa jókòó síbi tó yẹ. Kì í ṣe irọ́, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn èyí tí ẹ lè yan 28 fún ṣáájú, tó máa dá dúró fúnra rẹ̀ tó bá débẹ̀. Mo ti rí ọmọ kan ní Ìdó tó gbé fóònù sétí bí pọ́ńpù tí kò lè dá dúró ṣe ń lọ. N kò ní sọ bó ṣe parí.

Àti pé àárọ̀ ni kí ẹ máa kà á, kí ẹ tó gbéra. Táyà tó ti sáré, tí oòrùn tún ti pa, gbóná, nọ́ńbà rẹ̀ á ti gòkè. Bí ooru bá fi nǹkan bí 6 °C lé e, géèjì á fi bíi 1 lé e. Ẹni tó bá rí 32 lọ́sàn-án tó tú u sílẹ̀ sí 28, tó bá jí lọ́la, 24 ló máa bá.

Ẹnu pọ́ńpù ni ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ, torí àwọn tó ṣe pọ́ńpù yìí, mọ́tò ni wọ́n ní lọ́kàn. Fáàfù ọ̀kadà àti ti mọ́tò, ọ̀kan náà ni, kò sí wàhálà níbẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni àyè. Ẹ tẹ̀ ba lẹ́yìn Boxer, ẹ wo ibi tí ẹnu tíúbù táyà ẹ̀yìn wà. Sípóòkù lápá ọ̀tún, sípóòkù lápá òsì, ilé bíréèkì gbàgàdà láàárín, ṣéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹnu pọ́ńpù tó gùn, tó ní irin kékeré tí a ń tẹ̀ wálẹ̀ kó lè dì í mú, kò ní í rí àyè nàró níbẹ̀. Ẹ ó tì í wọlé, ẹ kò ní lè tẹ irin rẹ̀ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa ṣe "ṣíì" sí yín lójú. Èyí tí a ń yí bí ìdérí ìgò ló dáa jù fún ọ̀kadà onísípóòkù. Ó ń yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ jáde nígbà tí ẹ bá ń tú u, kí ẹ kàn fi 1 lé ohun tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì yára tú u. Àwọn kan ń ta irin kékeré tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́, ìpẹ̀kun rẹ̀ kan á wọ fáàfù, èkejì á kọjú síta. Ẹ ra ọ̀kan sínú àpò, ó dáa, ṣùgbọ́n kí ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn lílò. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí táyà tó ń yí, á máa fa ẹnu tíúbù kiri.

Kí róbà rẹ̀ gùn. Kí ó gùn tó pé ẹ lè gbé pọ́ńpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tí róbà rẹ̀ kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ẹnu tíúbù ni gbogbo ìwọ̀n pọ́ńpù náà máa fà rọ̀ sí, tí yóò máa gbọ̀n jìgìjìgì. Ẹ ti mọ ohun tí bàbá sọ nípa ẹnu tíúbù tó já. Tí róbà bá kúrú, ẹ yí táyà kí fáàfù wá sísàlẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀, kí ẹ gbé òkúta tàbí bàtà sábẹ́ pọ́ńpù.

Irin ẹnu rẹ̀ máa ń gbóná, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ máa ń gbóná, irin náà á sì gbé ooru yẹn. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ lò ó láti òfo, ìka méjì mi wú. Àkísà ni mo fi ń tú u báyìí. Ooru yìí náà ni wọ́n fi ń kọ sínú ìwé rẹ̀ pé kó má ṣiṣẹ́ ju iye ìṣẹ́jú báyìí lọ láìsinmi. Ẹ ka ibẹ̀. Tó bá ní ìṣẹ́jú 10, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 8.

Ti ṣáàjì, ẹ wá èyí tó ń lo ẹnu fóònù tòde òní, Type-C, kí ẹ má baà máa wá wáyà ọ̀tọ̀. Ẹ dán an wò pẹ̀lú wáyà tó ní Type-C ní orí méjèèjì. Àwọn kan ò ní gba iná lára rẹ̀, wáyà tó bá a wá, tí orí rẹ̀ kan pẹlẹbẹ, nìkan ni wọ́n mọ̀, tí ìyẹn bá ti sọnù, ó parí. Bí iná kò ṣe ṣe é gbọ́kàn lé, èmi ń fi páwà báǹkì ṣáàjì tèmi lálẹ́. Tọ́ọ̀ṣì tó wà lára rẹ̀, mo kọ́kọ́ rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni. Alẹ́ kan lẹ́bàá Akùfọ̀ ni mo mọ iyì rẹ̀.

Tí ẹ bá ti yan èyí tó wù yín níwájú oníṣọ́ọ̀bù, ẹ má sanwó síbẹ̀. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ fi sí táyà ọ̀kadà yín níta. Tó bá kọ̀, ẹ lọ. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù kí o dán ọjà rẹ̀ wò mọ ohun tó ń tà. Ẹ fi géèjì olójú aago ka táyà, ẹ rántí nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ fi pọ́ńpù kà á láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n bára mu. Ẹ tú táyà sílẹ̀ dé nǹkan bíi 15, ẹ yan 28, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo aago. Tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lórí táyà ọ̀kadà, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ fi ọwọ́ kan ara rẹ̀, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí róbà tó ń jó, ẹ dá a padà. Nígbà tó bá dúró, ẹ ka táyà lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú géèjì tiyín. Àwọn ènìyàn á máa wò yín. Obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá táyà ní Gate n'Ìbàdàn, wọ́n á sọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa sọ.

Ẹ̀yin tó ń rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti máa gbà kí ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ sì ṣe gbogbo ìdánwò yìí lọ́jọ́ tó bá dé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí táyà bá lọlẹ̀.

Ìbéèrè kan tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, ṣé pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ ò tó? Ó tó. Mo fẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: tí ẹ kò bá rìn jìnnà, tí iná yín kò dáa, tí owó kò sì tíì tó ra oníbátìrì gidi, pọ́ńpù ẹlẹ́sẹ̀ tó ní géèjì lórí sàn ju oníbátìrì olówó pọ́ọ́kú lọ. Kò nílò ṣáàjì, kì í gbó bọ̀rọ̀, lítà 12 sì ni ẹ fẹ́ kó sínú táyà, kì í ṣe kànga. Ó kàn gùn, ó sì wúwo láti gbé kiri ni. Ìgò gáàsì kékeré tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ òyìnbó ń lò, tí wọ́n ń kọ 16g sí, kò bá ọ̀kadà mu: gáàsì inú ọ̀kan máa fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé táyà ẹ̀yìn mi dé 21 ni, ó sì ti tán nìyẹn.

Èyí tí mo ń lò báyìí ti lé ní ọdún méjì lọ́wọ́ mi. Mo máa ń yọ ọ́ wá sílé lójoojúmọ́, n kì í fi sínú àpótí ọ̀kadà nínú oòrùn, torí bátìrì irú yẹn kì í fẹ́ ooru, tí ara rẹ̀ bá sì ti wú, kí ẹ gbé e jìnnà sí ilé. Mo tún máa ń ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, bí n kò bá tilẹ̀ lò ó. Pọ́ńpù tó fi oṣù mẹ́rin sùn, ọjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀ lẹ máa bá a tó ti kú.

Nínú àpò kan náà, mo kó nǹkan mẹ́rin mọ́ ọn: géèjì olójú aago, àkísà, píìnì fáàfù tuntun méjì, àti ìdérí fáàfù eléyín méjì tí mo bẹ bàbá Ológùnẹ́rú kó fún mi. Ìdérí yẹn kéré bí èékánná, ó ti bọ́ sínú koríko lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti fi òwú pupa tí mo fi ń sàmì sẹ́sẹ̀ adìẹ so ó mọ́ ọrùn pọ́ńpù báyìí.